Ṣé owó ilé ló yẹ ká san ni, àbí oúnjẹ la ó máa pín lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjọ wa ní Èbúté Mẹ́ta àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò ti ń pawọ́ pọ̀ bọ́ àwọn tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì. Ó dáa, àmọ́ tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún tẹ́ páálí wọn sílẹ̀ ni.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta píọ̀ wọ́tà. Agbára rẹ̀ ká owó yàrá lóṣooṣù, ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù ń bèèrè ọdún méjì, pẹ̀lú owó ejẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì. Òfin ilé gbígbé Èkó ti ọdún 2011 ní kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ fún ayálégbé tuntun. Ta ló ń tẹ̀lé e?

Lèmọ́mù ní owó sàká lè ṣe é, torí aláìní wà lára ìsọ̀rí èèyàn mẹ́jọ tí Kùránì ní ká máa fún ní sàká. Àwọn àgbà ìjọ tiwa ń kùn pé gbogbo abẹ́ bíríìjì ló máa ya dé. (Ká sòótọ́, ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà.)

Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù la máa sanwó sí tààrà? Orúkọ ta ni kó wà lórí rìsíìtì? Ṣé kí ìyá náà máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, àbí ká kúkú fi ta á lọ́rẹ?