Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbé iná tDCS (iná mànàmáná kékeré tí wọ́n ń gbà láti awọ orí sí ọpọlọ) sí lórí rí, báwo ló ṣe rí lára yín?

Ẹ kú ilé o. Ẹni tó béèrè bóyá ó máa ń dunni, mo ti jókòó sórí àga náà rí, ní yunifásítì kan ní London níbí. Iná náà kò ju 2 mA (milliamp, ìwọ̀n iná tó kéré gan-an) lọ, ìṣẹ́jú 20 ni. Kí wọ́n tó gbà mí, wọ́n bi mí bóyá mo ní wárápá, bóyá irin wà lórí mi, bóyá mo lóyún. Wọ́n ní mo lè dìde kí n máa lọ nígbàkigbà.

Irun ló gba àkókò jù. Kànrìnkàn méjì tí wọ́n rì sínú omi iyọ̀ ni iná ń gbà wọlé, ọ̀kan níwájú orí lápá òsì, èkejì lókè ojú ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Bí attachment bá dí ibẹ̀, iná ò ní rọ́nà gbà. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni mo dì lọ, n kò fi nǹkan kún un. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é fi ìdí òòyà ya irun sọ́tùn-ún sósì, ó ta omi iyọ̀ sí i, ó wo ẹ̀rọ títí nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣòro tó fún iná láti kọjá fi wálẹ̀. Ó ní àwọn ti dá aláwọ̀ dúdú padà rí nítorí irun. Ó dùn mí gan-an. Bí a ò bá sí níbẹ̀, ọpọlọ ta ni wọ́n ń kọ̀wé lé lórí? Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ irun.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń yún mi bíi kí èèrà máa rìn lábẹ́ gèlè, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n máa ń pa iná tiwọn lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn tó kù. N kò mọ èyí tí mo wà, nítorí náà n kò lè sọ pé ó mú kí n rántí nǹkan sí i.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Jámánì ni tèmi, orílẹ̀-èdè tí àwọn olùwádìí méjì, Nitsche àti Paulus, ti fi hàn ní 2000 pé irú iná yìí lè yí bí ọpọlọ ṣe ń dá iṣan ọwọ́ lóhùn padà. Wọ́n kọ́kọ́ fi mágnẹ́ẹ̀tì kan mi lórí, àtàǹpàkò mi sì fò sókè láìjẹ́ pé mo gbé e. Mo pariwo! Lẹ́yìn iná, wọ́n tún un ṣe, láti wò ó bóyá yóò fò jù ti àkọ́kọ́. Kò dùn mí, àmọ́ mágnẹ́ẹ̀tì yẹn ń dún kẹ́kẹ́ létí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìfún yín ní ohun tí ẹ máa fi dí etí.