Fíìmù àràmàǹdà àti àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ wọn: ohun tí ojú wa ti rí

Ìrírí olùkọ́ kan, Tanke, Ìlọrin

Ẹnu ìyá mi, nílé wa ní Èsìẹ́, ni mo ti gbọ́ lámèyítọ́ fíìmù tó tọ́ jù lọ láti ìgbà tí mo ti ń wo fíìmù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ròyìn fíìmù òkè òkun náà fún mi: ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti kàn án lára, òkúta ni yóò dà. Mo wo Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn alámèyítọ́ jọ, mo rí 55, mo sì pa á tì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi ni 55 lójú mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe máàkì rárá. Iye alámèyítọ́ tó yin fíìmù, nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bí ó bá ti tó 60, wọn a fi tòmátì pupa, àmì pé ó dára, sí i. Fíìmù tí gbogbo wọn kàn gbà pé kò burú lè gba 100, nígbà tí èyí tí ìdajì wọn fẹ́ràn bí ojú, tí ìdajì yòókù kò sì fẹ́ rí sójú, yóò dúró sí 50.

Mo tún ka ìwé ìròyìn kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó kọ ọ́ ní kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè gbà gbọ́ pé ènìyàn ń di òkúta. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ní ìlú wa, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, a sì ti gbọ́ láti kékeré pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta.

Nígbà tí mo wá wo fíìmù náà pẹ̀lú ìyá mi nígbà ọdún Iléyá, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọn kò bá òkúta jà rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé, tí ọkùnrin náà ń jà ní ọ̀sán gangan tí nǹkan kan kò ṣe é, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé oòrùn ti òní kì í ṣe oòrùn ni?" N kò rí èsì fún wọn. Alámèyítọ́ wa tó kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀ kò rí ibẹ̀ rárá.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ka ẹni tó sọ èèwọ̀ tí fíìmù fi lélẹ̀ àti ibi tí fíìmù náà fúnra rẹ̀ ti jẹ ẹ́, mo máa ń fọkàn tán an, kódà bí ẹnu wa kò bá kò.

Ìrírí ẹlòmíràn, Ọ̀fà

Èmi gan-an ti ṣe lámèyítọ́ rí, lórí rédíò, fún nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni tó ṣe fíìmù kan pè mí, ó fi mí jókòó níwájú, ó fún mi ní ìrẹsì àti owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo sọ lórí afẹ́fẹ́ pé iwin inú fíìmù náà kún ojú ìwọ̀n. Olùgbọ́ kan pè lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, irùngbọ̀n iwin yẹn ń já bọ́ nígbà tó ń pọfọ̀, ẹ ò rí i ni?" Mo rí i. Ìrẹsì ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Kò sí owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù wa, n kì í sì í bínú sí irùngbọ̀n tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́, kí n sì sọ ẹni tó bọ́ mi. Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn títí ètò náà fi parí. Wọn kò pè mí síwájú mọ́, olùgbọ́ yẹn náà kò sì tún pè.