Asíma ọmọ mi: inhaler búráùn ojoojúmọ́ àti ike omi

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ikọ́ fée ló ń ṣe é. Ìbàdàn la wà, tí ọyẹ́ bá ti dé tí eruku ń fẹ́, òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ gbígbẹ, kó tó di pé àyà ẹ̀ ń dún bíi súfèé.

Inhaler méjì ni dókítà kọ fún wa. Búlúù, Ventolin yẹn, ìgbà tí èémí bá há là ń lò ó, kíá ló ń ṣí ọ̀nà èémí. Ṣùgbọ́n búráùn, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni, bí ara ẹ̀ tiẹ̀ yá, torí wíwú tó wà nínú ọ̀nà èémí ló ń bá jà, kì í sì í ṣe oògùn ọjọ́ kan. Ìyá ọkọ mi ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní "ìyàwó mi, nǹkan ò ṣe ọmọ yìí lónìí, kí lo tún ń fín sí i lẹ́nu, ṣé kò ní di bárakú báyìí?" Mo ní rárá mà, kò ní di bárakú. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ó ń sùn mọ́jú, àwọn gan-an ló ń bi mí bóyá ó ti fín tiẹ̀. Tó bá ti lo búráùn kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù o, kí funfun má baà bo ahọ́n ẹ̀.

Spacer, ìyẹn ike tí wọ́n máa ń ki inhaler bọ̀ kí oògùn lè wọlé dáadáa, wọ́n, inhaler gan-an ti gbówó lérí látìgbà tí GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, ti kógbá wọlé ní Nàìjíríà ní 2023. Nọ́ọ̀sì kan ló fi ike omi 500ml ṣe tiwa: ó tẹ wáyà bí ẹnu inhaler ṣe rí, ó yan án níná, ó fi jó ihò sí ìdí ike, ó ki inhaler bọ̀ ọ́ ṣinṣin, ọmọ á wá fẹnu gba ọrùn ike. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, wọ́n ti dán an wò fáwọn ọmọdé ní South Africa, èsì ẹ̀ jáde ní 1999, ó ṣiṣẹ́ bíi ti olówó gọbọi. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kó mí bí ìgbà márùn-ún, kẹ́ ẹ tó fín òmíì. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá nù ún oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ike.

Torí èéfín, kọ́ìlì ẹ̀fọn ò wọ yàrá wa mọ́, nẹ́ẹ̀tì là ń ta.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí i tí ìhà ẹ̀ ń wọnú tó bá ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ já geere, tàbí tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ gbé e jókòó, ẹ máa fín búlúù yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè tó 10, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sọ́sibítù.

Búlúù kan wà lọ́wọ́ tíṣà ẹ̀, mo kọ bí wọ́n ṣe máa lò ó sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ rí ike yẹn kó sọ, màá ya fọ́tò ẹ̀.