Ta ló yẹ kó ṣírò owó àtúnṣe tí wọ́n ń yọ nínú owó ìlú elépo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin epo rọ̀bì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ ni. Òfin PIA, ìyẹn òfin tó ń darí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Nàìjíríà, ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo san ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè ìlú. Ìyẹn dáa.

Abala 257 ló ń kọ mí lóminú. Bí àwọn kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ba páìpù epo jẹ́ nínú ìlú, wọ́n á yọ iye àtúnṣe nínú owó ìlú. Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ló tún máa dá iye yẹn? Kò tọ́ rárá! Páìpù tó dípẹtà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ayùn gé. Yàtọ̀ sí ìwé àyẹ̀wò àjùmọ̀ṣe pẹ̀lú NOSDRA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó dànù, ẹ̀rí wo ni kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àpò ìlú béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?