Òjò ní Lọ́ńdọ̀nù: ibo la lè kó ọmọ àti ìyá àgbà lọ?

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní òjò ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún méjìlá wà pẹ̀lú wa, àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dùn. Ibo la lè wò nínú ilé tí owó ò ní pọ̀, tí a ò sì ní tò sínú òjò?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ìyá wa. Ẹ ya ọjọ́ kan gbáko sọ́tọ̀ fún South Kensington. Natural History Museum, Science Museum àti V&A (mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ti méjì àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí aago mẹ́wàá tó lù. Òjò kì í lé ẹnì kan ṣoṣo wọlé. Gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ sí páàkì ni yóò yà síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi egungun àbùùbùtán tí wọ́n so rọ̀ sí gbọ̀ngàn Natural History Museum han ọmọ kékeré, ó gùn tó mítà 25. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Apollo 10, ọkọ̀ òfuurufú tó yí òṣùpá ká ní 1969, wà ní Science Museum.

Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà láti ibùdókọ̀ rélùwéè tó já sí ìtòsí wọn, òjò ò ní fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Àǹtí Bísí: Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ yẹn kò bá orúnkún Ìyá mu, ẹ jọ̀ọ́. Àtẹ̀gùn pọ̀ ní ibùdókọ̀ náà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 74, iwájú V&A ló ń dúró sí. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì: ẹ fi káàdì báńkì tàbí fóònù kan ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ́ọ́lẹ̀. Ti rélùwéè yàtọ̀: ẹ lò ó ní wíwọlé àti jíjáde, káàdì kan náà. Bẹ́ ẹ bá fi fóònù wọlé, tẹ́ ẹ wá fi káàdì jáde, ìrìn àjò méjì tí kò parí ni ẹ̀rọ yóò kà á sí, owó gọbọi ni yóò sì yọ lórí méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sanwó. Ẹ béèrè àga oníkẹ̀kẹ́ ní mùsíọ́mù, wọ́n máa ń yáni.

Ọmọ Ifẹ̀: British Museum ńkọ́? Ọjọ́ Jímọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, títí di 20:30 ni wọ́n ń ṣí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ iléèwé ti lọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ní Montague Place ni kẹ́ ẹ gbà, èrò kì í sábà pọ̀ níbẹ̀ bíi ti iwájú. Ìyàrá 25, nísàlẹ̀, ni ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá yẹn sún mọ́ ọn dáadáa, kó wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba gbogbo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn baba rẹ̀ ni. Ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wọn wò láàárọ̀ bóyá ìyàrá náà ṣí. Ẹ má sì wọ́ àpótí onítáyà lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a lè pa South Kensington àti British Museum pọ̀ lọ́jọ́ kan?

Àǹtí Bísí: Rárá o. Ẹ̀yin lè rìn ín, Ìyá ò ní lè rìn ín.