Àbúrò mi kò lè sùn sílẹ̀ mọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Sùnkánmi: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, ìjókòó ló ń sùn báyìí, ìrọ̀rí ló fi ń ti ẹ̀yìn mọ́jú. Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé, kẹ́míìsì ní àsímà ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é.   Dọ́kítà wá ní fáàfù ọkàn rẹ̀ kan, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, ti le, kò ṣí dáadáa, kó lọ ṣe ẹ́kò, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo ọkàn. Ọkọ rẹ̀ ní ká dúró kí owó oṣù wọlé. Ṣé àgbo kankan wà tó lè tú fáàfù?

Bàbá Àdìsá: Àgbo wà. Ẹ jẹ́ kó máa mu omi ewúro láràárọ̀, kó jìnnà sí iyọ̀.

Nọ́ọ̀sì Fọlá: Ti iyọ̀ yẹn dára, bàbá. Àmọ́ kò sí àgbo tó ń la fáàfù tó ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ́kò kì í dun èèyàn, ohun tí wọ́n ń fi rọra tẹ àyà ni, ọkàn á sì hàn lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń lù. Òun ló máa sọ bóyá oògùn ló kàn, tàbí kí wọ́n ki bàlúùnù kékeré gba iṣan itan lọ la fáàfù náà, tàbí iṣẹ́ abẹ.

Àǹtí Bísọ́lá: Ọmọ mi náà nìyẹn. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún nígbà tó wà ní kékeré, a ò kà á sí. Lẹ́yìn náà orúnkún wú, ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí ìgúnpá. Àìsàn yẹn ló ba fáàfù rẹ̀ jẹ́. Oṣooṣù ló ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kó má baà padà. Ṣé oríkèé ń dun tiyín náà rí?

Ọ̀gá Táíwò: Íńdíà ni kí ẹ wá owó lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣe é níbí.

Nọ́ọ̀sì Fọlá: Irọ́ ni o. Láti 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní UNTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Enugu. Ẹ má dẹ́rù ba èèyàn.

Ọ̀gá Táíwò: Ṣé owó rẹ̀ wá kéré níbí ni?

Ìyá Sùnkánmi:  Àǹtí Bísọ́lá, bẹ́ẹ̀ ni, orúnkún rẹ̀ máa ń wú ní kékeré, wọ́n ní làkúrègbé ni. Oògùn tí dọ́kítà kọ fún un, ó ti pa á tì, torí ó ń mú un tọ̀ ṣáá, oyún inú rẹ̀ sì ti ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fọlá: Oyún kẹ̀? Oṣù mélòó?

Ìyá Sùnkánmi: Ó ń lọ sí oṣù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbogbo aboyún ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fọlá: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí ti tẹ́lẹ̀. Fáàfù tó há kò lè gbà á kọjá, ẹ̀jẹ̀ yẹn ń sé padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí kò fi lè sùn sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ owó oṣù níbẹ̀ mọ́. Alẹ́ yìí ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọkàn àti dókítà aboyún. Ẹ jẹ́ kó jókòó nínú ọkọ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Bàbá Àdìsá: Ẹ ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ẹ fi ewúro sílẹ̀.

Ìyá Sùnkánmi: Mo ti pe onímọ́tò. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ọ̀sì Fọlá: Káàdì aboyún rẹ̀, ìwé dókítà, àti oògùn tó pa tì yẹn.