Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi orúkọ àti ojú ara yín polówó ọjà, kí lojú yín rí?

Oní-Gààrí: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gààrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà. Àbúrò mi ní kí n lẹ fọ́tò ara mi mọ́ ọ̀rá, kí n sì máa ṣe fídíò. Ojú ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ló ṣe rí? Ìtàn ni mo fẹ́ o, ẹ má wàásù fún mi.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Ó pé mi.

Oní-Gààrí: Ṣé ìtàn nìyẹn?

Baba Ìjọ: Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò.

Oní-Gààrí: Ìwàásù ti dé.

Màmá Aláró: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìtòkú ni mo wà, l'Ábẹ́òkúta, àdìrẹ ni mò ń ṣe. Ní 2019, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ká ṣí Instagram. Mo ní kó bá mi ṣí i. Orúkọ mi la kọ síbẹ̀, fọ́tò mi ló wà lókè, àmọ́ nọ́ńbà tiẹ̀ ló fi ṣí i, òun nìkan ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù. Nígbà Kòrónà tí wọ́n ti ọjà pa, orí fóònù yẹn la ti ń jẹun. Wọ́n ń pè láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń pè láti Houston. Ó wá gba fírídọ̀mù. Mo pa adìyẹ, mo gbàdúrà fún un. Oṣù kan ò pé, mi ò lè wọ ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí mọ́. Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀ o. Fọ́tò mi náà. Àkáǹtì tí wọ́n ń sanwó sí ló yí padà.

Ìyá Kẹ́hìndé: Yéè! Ẹ ò fọlọ́pàá mú un?

Màmá Aláró: Ọmọ tí mo tọ́? Ìyá ẹ̀ ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ tó ń ya fọ́tò, tó ń dá oníbàárà lóhùn láago méjì òru, eélòó lẹ̀ ń san fún un?

Ìyá Kẹ́hìndé: Télọ̀! Ṣé ìyẹn ló wá ní kó jalè?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Mi ò ní kó jalè. Mo béèrè ni.

Màmá Aláró: Oúnjẹ, ibùsùn, iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ. Owó, mi ò fún un. Ìbéèrè yẹn ti jí mi lójú oorun rí.

Ọmọ Ọ̀jẹ̀: Báwo lẹ ṣe wá ṣe é?

Màmá Aláró: Oníbàárà kan ní Ìbàdàn ló fura. Ó ní ọwọ́ tó ń ká aṣọ nínú fídíò tuntun mọ́ tónítóní, wọ́n sì kun èékánná ẹ̀ ní pupa. Tèmi, ó ti lé lógún ọdún tí aró ti wọ abẹ́ èékánná mi, ọṣẹ kan ò lè bọ́ ọ. Ló bá wá nọ́ńbà mi kàn. Mo ṣí òmíràn, fúnra mi lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ mi nìkan ni mò ń yà. Mo máa fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, á kọ́kọ́ tutù bí ewé, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á máa dúdú lójú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wò jù.

Ọmọ Ọ̀jẹ̀: Ṣé èlú, ewé aró, ni, àbí kẹ́míkà hydro àti sódà? Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo "àdìrẹ gidi", kàǹpálà ni.

Màmá Aláró: Aró òyìnbó, hydro àti sódà. Mo máa ń sọ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ èlú, kó sanwó èlú.

Baba Ìjọ: Kàǹpálà náà àdìrẹ ni.

Ìyá Kẹ́hìndé: Rárá o. À ń dì í, à ń rẹ ẹ́, ló fi ń jẹ́ àdìrẹ. Àbẹ́là ni wọ́n ń dà sí kàǹpálà.

Baba Ìjọ: Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ńkọ́? Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sí i. Ta ló dì í?

Ìyá Kẹ́hìndé: …Mò ń bọ̀.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Èyí tí wọ́n fẹ̀rọ tẹ̀ ní China ni kẹ́ ẹ fi ìjà yín kọlù.

Oní-Gààrí: Ẹ̀yin èèyàn mi, gààrí ni mo bá wá.

Ọlọ́ṣẹ Dúdú: Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó ro ti ojú, ẹ ro nọ́ńbà NAFDAC, nítorí ọ̀rá tẹ́ ẹ fẹ́ dì í sí yẹn. Èmi forúkọ òwò mi sílẹ̀ ní CAC, mo ní ó ti parí. Ni mo bá bá orúkọ mi lórí ọṣẹ ẹlòmíì lọ́jà. Lọ́yà ló là mí lọ́yẹ̀: ti CAC yàtọ̀, trademark, ìyẹn ẹ̀tọ́ sí orúkọ ọjà, yàtọ̀. Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, ọdún 7 lẹ máa kọ́kọ́ gbà, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, wọ́n á fún yín ní ọdún 14 sí i.

Ìyá Kẹ́hìndé: Mo ti padà dé. Ẹlẹ́kọ, orúkọ lásán ni wọ́n fi yá a.

Baba Ìjọ: Hẹn-ẹn! Kí wọ́n yá kàǹpálà náà.

Oní-Gààrí: Mo ti ya fídíò o. Ọwọ́ mi nìkan, bíi ti Màmá Aláró, mò ń bu gààrí. Mo fi han àbúrò mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ gé èékánná.